Ọkọ̀ Tí Omi Bò: Ẹ Yẹ Ọ́ìlì Gíà Wò Kí Ẹ Tó Ṣáná Sí I

Nínú ìwé tó ṣáájú èyí, a sọ̀rọ̀ nípa bí ẹ ṣe máa fọ kànga tí omíyalé bàjẹ́ àti bí ẹ ṣe máa sá àwọn ìwé ẹ̀rí tó tutù. Láti ìgbà náà, ìbéèrè tí a ń gbọ́ jù lọ ní gbọ̀ngàn nìyí: "Omi ti fà ládùúgbò wa. Ọkọ̀ mi ṣì wà níbẹ̀. Ṣé mo lè lọ gbé e?" Kọ́kọ́rọ́ kọ́ ló máa dáhùn ìbéèrè yìí. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì tí ẹ lè fà yọ fúnra yín láìsan kọ́bọ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Mo mọ bí ọwọ́ ṣe máa ń yún ènìyàn láti ki kọ́kọ́rọ́ bọ ọkọ̀. Èmi náà ti ṣe é rí. Ní ọdún 2011, lẹ́yìn òjò ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ tó ba ọ̀pọ̀ ilé àti afárá jẹ́ ní Ìbàdàn, Camry tí mo fi ń jẹun wà nínú omi mọ́jú, omi sì dé ìjókòó. Nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, mo yọ bátìrì, mo sá inú ọkọ̀, mo fa géèjì ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, mo rí i pé ó mọ́, mo sì ní kí n dán an wò. Ọkọ̀ jí lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn aládùúgbò bá mi yọ̀. Mo wà á fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan, mo fi í sí R kí n fẹ̀yìn jáde nínú ọgbà. Ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ kò mira. Nígbà tí wọ́n tú gíà náà, ohun tó ṣàn jáde dà bí yógọ́ọ̀tì inú ọ̀rá tí àwọn ọmọ ń fà mu lójú títì. Mo ti yẹ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì wò, n kò yẹ ti gíà wò. Ohun tí n kò fi ìṣẹ́jú márùn-ún ṣe gba ìdajì owó tí mo fi ra ọkọ̀ náà lọ́wọ́ mi.

Àwọn tó ti ní ọkọ̀ tipẹ́ mọ bí a ṣe ń yẹ ọ́ìlì gíà ọ́tò wò: a ó ṣáná sí ọkọ̀, a ó jẹ́ kó gbóná, a ó sì fa géèjì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó dára bẹ́ẹ̀ fún ọkọ̀ tí omi kò bò. Fún ọkọ̀ tí omi bò, òdìkejì rẹ̀ ni kí ẹ ṣe. Ọkọ̀ á wà ní títutù, ẹ́ńjìnnì á wà ní dídákẹ́, ẹ ó sì fa géèjì. Ìdí rẹ̀ ni pé omi wúwo ju ọ́ìlì lọ. Bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣáná, èyí tó pọ̀ jù nínú omi tó wọ gíà ti lọ dúró jẹ́ẹ́ nísàlẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti lè tú u jáde. Bí ẹ bá ṣáná, páǹpù inú gíà á po omi mọ́ ọ́ìlì, á sì fọ́n ọn sí gbogbo kọ̀rọ̀ inú rẹ̀, títí dé rédíétọ̀ tí ọ́ìlì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ti ń lọ tutù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí omi ń ṣe níbẹ̀, nítorí ìgbà tí ènìyàn bá mọ̀ ọ́n ni kò ní gbọ́ ti ẹni tó ń sọ pé, "Ṣáná sí i, omi náà á gbẹ fúnra rẹ̀." Nínú gíà ọ́tò, àwọn díìsìkì pẹlẹbẹ wà tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ ohun kan tó dà bí páálí mọ́ lójú. Páálí yìí ló ń di irin mú kí ọkọ̀ tó lè rìn. Omi máa ń wọ inú páálí náà, á sì máa tú gọ́ọ̀mù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ kan náà ló ń tú. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ mi fi bá mi rìn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó dá mi dúró. Lákòókò kan náà, àwọn irin inú rẹ̀ á ti máa dípẹtà.

Àwọn kan máa ń bi mí pé, "Ṣebí wọ́n ti dé gíà pa, ibo ni omi gbà wọlé?" Gíà máa ń mí. Ihò kékeré kan wà lókè rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde nígbà tí ọ́ìlì bá gbóná, tí ó sì ń gbà wọlé nígbà tó bá tutù. Bí omi bá bo ihò yìí, omi ni gíà á mí sínú. Nítorí náà, ọkọ̀ tí wọ́n ń wà lọ́wọ́ tó já sínú àgbàrá léwu ju èyí tí omi bá níbi tí wọ́n gbé e sí láti àná. Gíà tó gbóná tí omi tútù bò lójijì, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sún kì, á sì fa omi wọlé bí ọmọdé ṣe ń fi sítírọ̀ fa mínírà. Omi tún lè gba ẹnu ihò géèjì tí wọn kò tẹ̀ wọlé dáadáa, tàbí ibi ọ́ìlì síìlì tó ti gbó.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ wo ibi tí omi dé. Ẹrẹ̀ á ti fa ìlà sára ọkọ̀ àti sára ògiri. Bí ìlà náà kò bá dé àárín ríìmù táyà, ó ṣeé ṣe kí gíà má ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹ ṣì yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá ti kọjá àárín ríìmù, ẹ gbà pé omi ti wọ̀ ọ́ títí ẹ ó fi fojú ara yín rí i pé kò wọ̀ ọ́. Bó bá dé ìjókòó, wáyà àti kọ̀ǹpútà ọkọ̀, tí àwọn rìwáyà ń pè ní brain box, wà nínú ewu pẹ̀lú. Bó bá bo dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ná kọ́bọ̀ lórí rẹ̀ títí ẹni tó mọ̀ ọ́n á fi bá yín ṣírò rẹ̀, torí owó àtúnṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè ju iye tí ọkọ̀ náà tó lọ. Ẹ fi fóònù ya ìlà ẹrẹ̀ náà pẹ̀lú nọ́ńbà ọkọ̀ kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ní insọ́ránsì comprehensive á nílò àwòrán yẹn. Third party tí ọ̀pọ̀ wa ń rà kí ọlọ́pàá má bàa dá wa dúró kì í san owó ọkọ̀ tiwa tí omi bàjẹ́.

Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ háíbrídì, èyí tó ní bátìrì ńlá tó ń bá ẹ́ńjìnnì wa ọkọ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá. Ẹ kọ orúkọ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, kí a bá yín wá ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ wọ bàtà òjò àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Omi tó kọjá lára ọkọ̀ yẹn ti kọ́kọ́ gba inú ṣáláńgá ẹlòmíràn kọjá. Ẹ fi igi gbá bónẹ́ẹ̀tì láti òkèèrè, kí ẹ sì sún sẹ́yìn díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ṣí i tán: ejò máa ń wá ibi gíga tó gbẹ nígbà tí omi bá dé, orí ẹ́ńjìnnì sì jẹ́ irú ibẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ sún mọ́ ọn. Ẹ tú wáyà bátìrì, èyí tó jẹ́ dúdú ni kí ẹ kọ́kọ́ tú. Ní ti kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ sọ́wọ́ ìyàwó tàbí ọkọ yín ní gbọ̀ngàn. Mi ò ṣe yẹ̀yẹ́ o.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ọ́tò tó wà lójú títì wa, bí irú Camry tí à ń pè ní Big Daddy, ní géèjì méjì. Ọ̀kan jẹ́ ti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, òun ni gbogbo wa mọ̀. Èkejì sábà máa ń wà nísàlẹ̀ díẹ̀, níhà ibi tí gíà wà, wọ́n sì lè kọ ATF tàbí TRANS sí orí rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó ti ń wa ọkọ̀ fún ọdún mẹ́wàá tí kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ẹ fi àkísà nu ẹrẹ̀ kúrò yí ẹnu rẹ̀ ká kí iyanrìn má bàa já sínú ihò. Ẹ wá fà á yọ pẹ̀lú sùúrù, ẹ má sì nù ún. Ẹ gbé e sójú oòrùn, ẹ wò ó bó ṣe jáde gan-an, lẹ́yìn náà kí ẹ kán díẹ̀ lára rẹ̀ sórí tíṣù funfun.

Bí ọ́ìlì náà bá pupa tó sì mọ́ gaara bí omi sóbò, ìròyìn ayọ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Bó bá ti di àwọ̀ kọfí tó sì ń rùn bí ohun tó jóná nínú ìkòkò, ọ́ìlì tó ti gbó kí omi tó dé ni, kì í ṣe ẹ̀bi omíyalé. Bó bá funfun lójú tàbí tó pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni da mílíìkì sínú sóbò, omi ti wọ̀ ọ́, ó sì ti pò mọ́ ọn. Bí ẹ bá rí ẹ̀kán omi tó ń dán lára irin náà, tàbí ẹrẹ̀, tàbí ìpẹtà tuntun, omi ti wọ̀ ọ́ bákan náà. Ọ́ìlì àwọn ọkọ̀ kan, pàápàá àwọn tó ní gíà CVT, kì í ṣe pupa láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ti irú wọn, ohun tí ẹ máa wò ni bóyá ó mọ́ gaara tàbí ó dàrú.

Ẹ má jẹ́ kí gíga ọ́ìlì náà já yín láyà. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, ọ́ìlì gíà sábà máa ń ga lára géèjì ju ibi tí wọ́n sàmì sí lọ, nítorí páǹpù kò gbé e lọ sókè mọ́. Àwọ̀ rẹ̀ là ń wá báyìí, a kò tíì dé orí ìwọ̀n.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyí. Géèjì kì í kan ìsàlẹ̀ gíà. Mo ti sọ pé omi máa ń lọ dúró nísàlẹ̀ pátápátá bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣáná. Ó túmọ̀ sí pé géèjì lè mú ọ́ìlì pupa tó mọ́ jáde, kí omi tó kún ife kan sì wà lábẹ́ rẹ̀. Géèjì tó funfun ti jẹ́rìí tán, ṣùgbọ́n èyí tó mọ́ kò tíì jẹ́rìí tó, bí ìlà ẹrẹ̀ bá ti kọjá àárín ríìmù. Ẹ ní láti wo ohun tó wà nísàlẹ̀.

Lábẹ́ gíà, agbada irin kan wà tí wọ́n ń pè ní sọ́ńpù, ó sì sábà máa ń ní nọ́ọ̀tù tí wọ́n ń tú kí ọ́ìlì lè jáde. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì ṣe ibí yìí níbi tí ọkọ̀ wà, kí ẹ̀yin sì dúró tì í. Ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró, ẹ má sì fi búlọ́ọ̀kù tì í. Ilẹ̀ tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ fà kúrò lórí rẹ̀ rọ̀, búlọ́ọ̀kù tí omi ti rẹ sì lè fọ́ láìdún. Kí ó rí i dájú pé nọ́ọ̀tù gíà ló tú, kì í ṣe ti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, torí wọn kì í jìnnà síra. Kò ní yọ ọ́ tán. Kó dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kí ẹ sì fi ìgò tó mọ́ tí ojú ń rí inú rẹ̀ gba ìwọ̀n ife kan àkọ́kọ́. Bí omi bá wà, òun ló máa kọ́kọ́ jáde. Kó di nọ́ọ̀tù náà padà. Ẹ gbé ìgò náà sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ má mì í. Omi á wà nísàlẹ̀, ọ́ìlì á wà lókè, ẹ ó sì rí ààlà wọn kedere. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ pupa kan náà tó mọ́ gaara láti òkè dé ìsàlẹ̀, gíà yín bọ́.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun kò ní géèjì gíà rárá. Ọ̀nà inú ìgò yìí nìkan ló kù fún wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wa Micra tàbí danfo mánúà, gíà tiyín kò ní géèjì, ṣùgbọ́n ó máa ń dárí ji ènìyàn ju ọ́tò lọ, nítorí kò ní díìsìkì onípáálí nínú ọ́ìlì rẹ̀. Nọ́ọ̀tù kan wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń gbà rọ ọ́ìlì sínú. Bí wọ́n bá tú u nígbà tí ọkọ̀ wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ọ́ìlì gbọ́dọ̀ wà ní etí ihò. Bó bá tú jáde ṣàà, nǹkan kan ti kún un. Ọ́ìlì mánúà tó mọ́ dà bí oyin. Bó bá ti dà bí ògì, ẹ tú gbogbo rẹ̀ dànù, ẹ rọ tuntun sí i, ẹ wà á díẹ̀, kí ẹ tún tú u lẹ́ẹ̀kan sí i. Danfo tó ń fi táyà ẹ̀yìn rìn ní ọ́ìlì mìíràn nínú ìkòkò irin tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Òun náà ń mí, ó sì wà nísàlẹ̀ ju gíà lọ. Ẹ má gbàgbé rẹ̀.

Bí ẹ bá wá rí omi nínú gíà ọ́tò ńkọ́? Ẹ má ṣáná, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi okùn wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì lórí táyà tí ẹ́ńjìnnì ń yí, torí gíà á máa yí láìsí páǹpù tó ń gbé ọ́ìlì fún un. Kí wọ́n gbé àwọn táyà yẹn kúrò nílẹ̀, tàbí kí mẹkáníìkì wá bá a níbi tó wà. Wọ́n á tú gbogbo ọ́ìlì jáde, wọ́n á sọ sọ́ńpù kalẹ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á pààrọ̀ fílítà, wọ́n á sì rọ tuntun sí i. Ẹ má gbà kí wọ́n sọ pé ó ti parí níbẹ̀. Ohun tó ń jáde láti sọ́ńpù lẹ́ẹ̀kan sábà máa ń jẹ́ ìdajì tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ìyókù wà nínú torque converter, ohun tó rí bí ìkòkò láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíà. Wọ́n ní láti ṣáná fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí wọ́n yí i gba P, R, N, D, kí wọ́n pa á, kí wọ́n tún tú u, kí wọ́n tún rọ ọ́, títí ohun tó ń jáde á fi mọ́. Ó lè gbà tó ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Owó ọ́ìlì nìyẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tó owó gíà.

Ọ́ìlì tí olówó ọkọ̀ bá rà gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí wọ́n kọ sára géèjì tàbí sínú ìwé ọkọ̀. Ọ́ìlì CVT yàtọ̀ sí ATF lásán, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Bí ẹ bá ti ṣáná tẹ́lẹ̀, tàbí tí ẹ ti wà á, ẹ sọ òótọ́ fún mẹkáníìkì. Ẹ pa á báyìí, ẹ má sì gbé e lọ síbì kankan mọ́. Fífọ̀ lè gba gíà náà là bí kò bá tíì pẹ́, ṣùgbọ́n kò lè lẹ gọ́ọ̀mù tó ti tú padà. Ẹni tó bá sọ fún yín pé àfi kí wọ́n tú u kí wọ́n pààrọ̀ àwọn díìsìkì, ó lè má jẹ́ pé ó fẹ́ jẹ yín ní owó.

Lẹ́yìn tí ohun gbogbo bá ti mọ́, tí mẹkáníìkì sì ti yẹ ẹ́ńjìnnì, bíréèkì àti wáyà wò, ẹ lè wá yẹ ìwọ̀n ọ́ìlì wò bí a ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ẹ wa ọkọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ gbé e sí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ tẹ bíréèkì ẹsẹ̀, ẹ yí gíà gba gbogbo ipò rẹ̀ kí ẹ tó dá a padà sí P. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́. Ẹ fa géèjì, ẹ nù ún, ẹ tì í bọ̀ ọ́ tán pátápátá, kí ẹ tún fà á. Ó yẹ kí ọ́ìlì wà láàárín àmì méjèèjì tí wọ́n kọ HOT sí. Honda yàtọ̀: fún irú Accord tí ọ̀pọ̀ ń pè ní End of Discussion, ẹ ó pa ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn tó bá gbóná, ẹ ó sì fa géèjì láàárín ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Bó bá dín, ẹ fi àrọ rọ díẹ̀díẹ̀ gba ihò géèjì. Ọ́ìlì tó pọ̀ jù náà ń ba gíà jẹ́, torí ó máa ń hó. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù kan. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá tún ń funfun, omi ṣì kù níbì kan, tàbí kí rédíétọ̀ ti lu nínú.

A gbọ́ pé àwọn kan ti ń wá sí gbọ̀ngàn láti ra ọkọ̀ tí omi bò ní owó pọ́ọ́kú, tí wọ́n ń sọ pé gíà rẹ̀ ti kú láìṣí bónẹ́ẹ̀tì. Ẹ má tà fún ẹnikẹ́ni kí ẹ tó rí ohun tó wà nínú ìgò yín. Bó bá mọ́, iye ọkọ̀ yín kò kéré tó bí wọ́n ṣe ń pè é. Bó bá dàrú, tí ẹ sì fẹ́ tà á, ẹ fi ìgò náà han ẹni tó fẹ́ rà á.

Ọ́ìlì tí ẹ bá tú jáde, ẹ má dà á sí gọ́tà, ẹ má sì dà á sílẹ̀. Gọ́tà yẹn lè gbé e padà sínú kànga tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí, kí ẹ kọ "ọ́ìlì" sí i lára kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣì í mú, kí ẹ sì fún mẹkáníìkì tó ń kó ọ́ìlì ìdọ̀tí jọ.

Ẹni tí ohun tó rí lára géèjì kò bá dá lójú, kó gbé ìgò náà wá sí tábìlì wa lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ní ọjọ́ tí a bá ń pín oúnjẹ. Kó kọ orúkọ rẹ̀, irú ọkọ̀ náà àti ibi tí omi dé lára rẹ̀ sórí ìwé, kó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò. A ó bá a wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ọkọ̀ ní tirẹ̀, kó fi í sílẹ̀ níbi tó wà.